Iyọ̀ Ló Mọ Ibi Tí Omi Sá Pamọ́ Sí

Ní ọjà Ayétòrò nílẹ̀ Yéwà, níbi tí mo gbé jókòó ti ìyá àgbà kan tí ń ta iyọ̀, pámpásì ọmọ-ọmọ rẹ̀ ya, jẹ́lì inú rẹ̀ tí ó ti mu ìtọ̀ yó sì dà sílẹ̀. Ìyá bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ lé e lórí, kò sì pẹ́ tí omi fi ń ṣàn lára rẹ̀, tí jẹ́lì fúnra rẹ̀ sì ń súnkì. Ó ní, "Ọmọ mi, iyọ̀ ló mọ ibi tí omi sá pamọ́ sí." Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun òkè, kò lè rí i; àwọn ará Yéwà, tí ẹrù iyọ̀ Àgbádárìgì ń gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, kò ní ṣàìmọ ìwà iyọ̀.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò rí, tí a so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n apẹja, ni jẹ́lì. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní Peoria sọ sítáàṣì àgbàdo di irú rẹ̀ kan tí ń mu omi ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ìwúwo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í mu ju díẹ̀ nínú èyí lọ bí omi náà bá ní iyọ̀.

Èyí tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ ni jẹ́lì tí ooru ń mú súnkì, tí a ń pè ní PNIPAM ní kúkurú. Nínú omi tútù, ó máa ń mu omi, ó sì máa ń wú. Bí ooru bá tó nǹkan bí 32 °C, èyí tí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn Ìlaròó ń kọjá, àwọn okùn rẹ̀ a dì mọ́ ara wọn, omi a sì jáde. Bí a bá da iyọ̀ sí i, kò ní dúró de 32 °C mọ́. Iyọ̀ sọ́fétì sì le ju iyọ̀ ọbẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ kan, Franz Hofmeister, ti to agbára àwọn iyọ̀ tẹ̀ lé ara wọn ní Prague ní 1888, nígbà tí ó ń fi wọ́n yọ pùrótéènì ẹyin kúrò nínú omi.

Ta ló ni àwárí jẹ́lì tí ooru ń mú súnkì náà? Àwọn kan ní ti àwọn onímọ̀ Heskins àti Guillet ni, tí wọ́n kọ̀wé lórí rẹ̀ ní Toronto ní 1968; àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ti Toyoichi Tanaka, ọmọ Japan, tí ó fi hàn ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 1978 pé jẹ́lì lè súnkì lójijì. Mo wo ẹjọ́ náà sọ́tùn-ún, mo wò ó sósì: okùn tí a kò so pọ̀ ni àwọn ará Toronto lò, jẹ́lì Tanaka ti 1978 kì í sì í ṣe PNIPAM rárá, ó di 1984 kí òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Hirokawa, tó kọ̀wé lórí jẹ́lì PNIPAM. Lójú tèmi, ọlá ooru tọ́ sí Toronto, ọlá jẹ́lì sì tọ́ sí Tanaka.

Wọ́n ní jẹ́lì irú ti inú pámpásì tún dára láti pò mọ́ ilẹ̀ oko, kí omi má baà tètè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni púpọ̀ nínú ajílẹ̀ òyìnbó náà, àgbẹ̀ Yéwà tí ó bá fẹ́ dán an wò ní láti mọ̀ pé omi tí jẹ́lì lè gbà mọ́ra yóò dínkù.