Bí A Ó Ti Kọ́ Ọmọdé Ní Ìrù Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀ràn kan ń bẹ tí yóò dojú kọ ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bá rán lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìfọ̀, ní Mowé tàbí ní Ìbàfo. Ọmọ tí ó ti mọ ìwé Yorùbá kà dáradára yóò kọ “station” ní “steshon” nígbà àpèkọ. “Extension” yóò di “extenshon”, “musician” yóò sì di “musishan”. Olùkọ́ mìíràn a mú pàṣán, a pè é ní olódo. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ti kọ́ ọmọ náà ni ó ń ṣe.

Ní èdè Yorùbá, bí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni a ń kọ ọ́. Àwọn tí ó ṣètò ìkọ̀wé wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ àgbà láàrin wọn, fi àmì sí abẹ́ “s” kí “ṣ” lè ní ohùn tirẹ̀; ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 sì fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn “ṣ” kan náà yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní “sh” nínú “ship”, ní “ti” nínú “nation”, ní “ssi” nínú “mission”, àti ní “ci” nínú “musician”. Ìdí rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti inú èdè Látìn wá, wọ́n sì gba ọ̀nà èdè Faransé kọjá. Ohùn wọn yí padà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn kò yí padà. Nítorí náà, etí nìkan kò lè tọ́ ọmọ sọ́nà.

Ọ̀nà tí ó yẹ ni kí a kọ́ ọmọ láti béèrè ilé baba ọ̀rọ̀ kí ó tó kọ ìrù rẹ̀.

Èkíní, bí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ bá parí sí “ct” tàbí “te”, “-tion” ni a ó kọ: “direct” a di “direction”, “dictate” a di “dictation”.

Èkejì, bí ó bá parí sí “d” tàbí “de”, “-sion” ni: “extend” a di “extension”, “divide” a di “division”.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá parí sí “ss” tàbí “mit”, “-ssion” ni: “discuss” a di “discussion”, “admit” a di “admission”.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kan, “-cian” ni a sábà máa ń kọ: “music” a di “musician”, “electric” a di “electrician”.

Òfin wọ̀nyí kò ká gbogbo ọ̀rọ̀. “Attend” bí “attention”. Irú èyí ni kí ọmọ kọ́ sórí. Bí kò bá sì rí ilé baba ọ̀rọ̀ rárá, kí ó kọ “-tion”, nítorí òun ni ó pọ̀ jù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà mọ sí inú ìwé. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1901, níbẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìdógo sì ti yà. “Station” àti “junction” kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Mowé àti Ìbàfo wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ọmọ ti ń rí “Redemption” lára pátákó. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá láti ojú ọ̀nà, kí gbogbo kíláàsì sì jọ wá ilé baba wọn. Wọn yóò rí i pé “redeem” ni ó bí “redemption”, àti pé ọmọ a máa yàtọ̀ sí baba nígbà mìíràn.

Ọmọ tí a nà nítorí “steshon” yóò bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní fọkàn tán etí tí ó fi kọ́ èdè baba rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ọ̀nà hàn yóò lè kọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ kò tíì pè sí i létí rí.