Agbẹjọ́rò Tí Kì Í Lọ sí Kóòtù

Bí ìyàwó ilé kan bá jẹ́ agbẹjọ́rò, ohun tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń retí ni pé kí ó máa gbé aṣọ dúdú àti wíìgì lọ sí kóòtù ní àràárọ̀. Bí wọn kò bá rí i bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé owó tí wọ́n ná sí ìwé òfin ti wọmi. Ẹ̀yin aya wa tí ẹ kàwé òfin, tàbí tí ẹ ní àbúrò tí ó ń kà á lọ́wọ́, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó mú ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀. Àwọn yunifásítì ńláńlá ibẹ̀ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tiwọn, àwọn kan nínú wọn a sì máa gba ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì. Wọn a máa san owó oṣù fún un, àwọn àgbà ibẹ̀ a sì máa kọ́ ọ níṣẹ́. Fẹ́lóṣíìpù ni wọ́n ń pè é.

Yunifásítì dà bí ìlú kan. Ó ní ilé tí ó ń fi háyà, ó ní òṣìṣẹ́ tí ó ń gbà àti èyí tí ó ń dá dúró, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ọlọ́mọ tí ó ń sùn nínú ọgbà rẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kò sí èyí tí kò ní ìwé àdéhùn nínú. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò yìí ni yóò ka ìwé náà, tí yóò fàlà sí ibi tí ó lè dá wàhálà sílẹ̀, tí yóò sì gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Bí ọ̀ràn bá di ti kóòtù, lọ́pọ̀ ìgbà agbẹjọ́rò tí a gbà láti ìta ni yóò lọ rò ó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọ̀ràn má tilẹ̀ dé ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n mú òfin kan tí ó kan àwa ìyá. Láti ọdún 1974 ni òfin tí wọ́n ń pè ní FERPA ti wà ní Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 18, tàbí tí ó bá ti wọ yunifásítì, òun ni ó ni àṣẹ lórí ìwé èsì ìdánwò rẹ̀, kì í ṣe òbí. Yunifásítì lè fi í han òbí tí ó ṣì ń gbọ́ bùkátà ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ìwé owó orí rẹ̀ ti fi hàn, ṣùgbọ́n kò di dandan. Ẹ fojú inú wo ìyá tí ó ta wúrà ọrùn rẹ̀ san owó ilé-ìwé, tí ó wá tẹ̀ wọ́n láago, tí wọ́n ní àwọn kò lè sọ! (Èmi náà bímọ, mo mọ bí yóò ti rí lára.) Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò wa ni yóò kọ́ àwọn akọ̀wé bí wọn yóò ti dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lóhùn láìrú òfin, láìsì tàbùkù rẹ̀.

Ohun tí ó ṣòro jù ni láti mọ ẹni tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó fi omijé wọ ọ́fíìsì. Yunifásítì gan-an ni. Obìnrin Yorùbá yóò tètè lóye èyí: ẹni tí a fi àpótí owó ẹbí sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣí i nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn. Ó sì yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Àṣírí sì tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin tí ó ti mọ́ lára láti ro ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì fún baálé yín nídìí oúnjẹ alẹ́, ẹ tètè là á yé e pé òfin ni ó dè yín lẹ́nu, kí ó má baà rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún òun.

Nítorí pé ètò ilé ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ oyún ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òfin ọdún 1978 kò gbà kí a kọ obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ nítorí oyún. Òfin ọdún 1993 sì fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 láti tọ́jú ọmọ tuntun, láìsí owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12, tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sì pé 1,250, nìkan ni ó tọ́ sí. Nígbà tí ẹni tí ó gba fẹ́lóṣíìpù ọdún kan yóò fi tó o gbà, iṣẹ́ ti parí! Ìpínlẹ̀ California láti ọdún 2004, àti New York láti ọdún 2018, ní ètò tí ń san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba ni ó kàn. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀ ń fún abiyamọ, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò tí kò ka àdéhùn tirẹ̀, ti ta ni yóò kà?

Ẹni tí ó kàwé òfin ọdún márùn-ún nílé, tí ó sì jáde ní Law School, lè lọ gba oyè LL.M. ọlọ́dún kan lọ́hùn-ún. Bí ó bá sì kájú àwọn ìlànà kan, New York lè gbà kí ó ṣe ìdánwò agbẹjọ́rò wọn, nítorí pé orísun kan náà ni òfin tiwa àti tiwọn ti ṣàn wá. Ọ̀ràn baálé ńkọ́? Ọkọ tí ó bá tẹ̀lé ìyàwó tí ó ní ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ olówó níbẹ̀. Owó ẹnì kan ni ẹ óò fi san ilé, tí ẹ óò fi jẹun. Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ pọ̀ nílé, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì; ọkùnrin tí ó ti ń náwó tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn kí a máa fún un lówó mọ́tò.

Ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀ náà kò pàdánù. Yunifásítì tiwa ní ẹ̀ka òfin, agùnbánirọ̀ tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò sì lè sìnlú níbẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá kọ̀wé sí, ẹ fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ sí i, kí ó má gùn jù, kí ẹ sì ti yọ orúkọ àwọn oníbàárà yín kúrò nínú rẹ̀.