Alátọ̀gbẹ Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè
Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ sí Ìkọ̀gòsì, tó sì gba Àrámọkọ padà, yóò gun òkè títí. Ó dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n a ń rọ ẹ̀yin ará wa tó ń lo insulin tàbí glibenclamide fún àtọ̀gbẹ: ẹ jẹun kí ẹ tó gbéra. Òkè gígùn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Òógùn àti ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ jọ àárẹ̀ lásán, ó sì máa ń tanni jẹ. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ omi, ẹ mu ún, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá lọ, ẹ tún un mu. Ẹ má dá lọ. Lọ́jọ́ ààwẹ̀, ẹ fi òkè sílẹ̀.