'Àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ rí ẹrù mi': Ọ̀rọ̀ tó ń ti tírélà sí kòtò láti Èkó dé Kánò

Kò sí alẹ́ kan tí tírélà kì í gbéra ní Àpápá lọ sókè Ọya. Ẹni tó ni ẹrù ti tẹ dírẹ́bà láago pé àárọ̀ ọ̀la lòun fẹ́ rí ọjà òun ní Kánò. Ẹni tó ni mọ́tò ti ní kó tètè dé, kó lè tún gbé ẹrù mìíràn. Dírẹ́bà náà sì ti dáhùn pé, "Kò séwu, ọ̀gá." Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà o! Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tí à ń rí lójú títì, inú gáréèjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Àpápá sí Kánò tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Òfin tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń tẹ̀ lé sọ pé tírélà àti tánkà kò gbọdọ̀ sáré ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí ẹ̀sípùrẹ́ẹ̀sì. 50 ni lójú títì yòókù tó so ìlú pọ̀, 45 sì ni láàrin ìlú. Bí dírẹ́bà bá tiẹ̀ fi 60 sá a láti Èkó dé Kánò, tí kò dúró jẹun, tí kò dúró tọ̀, ó máa lé ní wákàtí 16. Bẹ́ẹ̀ FRSC yìí kan náà ló ń kìlọ̀ pé bí èèyàn bá ti wakọ̀ fún wákàtí 4, kó dúró sinmi. Ẹ wá fi kòtò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àtàwọn agbófinró tó ń dá mọ́tò dúró kún un. Bí ẹ bá ní kó má rìn lóru, ìrìn-àjò ọjọ́ 3 nìyẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí pé àárọ̀ ọ̀la lòun máa dé, ó ti pinnu láti rú òfin kó tó ṣíná mọ́tò. Paraga àti oògùn amúni-má-sùn ló sì máa fi gbé e.

Ẹ tì í, ẹ má jẹ́ kó já

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹrù fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2023, ọkọ̀ tó gbé kọ̀ǹténà ṣubú lu bọ́ọ̀sì akérò níbi afárá Ojúẹlẹ́gba, èèyàn 9 ló kú. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, kọ̀ǹténà ti já bọ́ níbẹ̀ rí, èèyàn 3 ló bá a lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ló ní ibi tí wọ́n ti ń tì í mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Àmọ́ àwọn dírẹ́bà kan á mọ̀ọ́mọ̀ má tì í. Wọ́n ní bó bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú, kó má fa mọ́tò àwọn lọ. Ẹ ò rí ìwà ìkà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀, ẹ fi ojú ara yín wò ó kó tó jáde, kẹ́ ẹ sì wo táyà àti bíréèkì.

Láti Ògèrè dé Mokwa

Òfin ìrìnnà tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2012 kò fẹ́ kí tírélà rìn nígboro láàárín aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, àmọ́ ó yọ tánkà epo sílẹ̀. Nítorí náà, kí dírẹ́bà sùn dáadáa lọ́sàn-án, kó jáde lẹ́yìn aago 9 alẹ́, kó gúnlẹ̀ sí Ògèrè, kó tún sùn níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú páàkì ni o, kì í ṣe etí títì! Tírélà tí wọ́n gbé sétí títì láìsí iná kankan, pósí ni fún ẹni tó ń sáré bọ̀ lóru.

Pátíkúlà, láísẹ́ǹsì, ìnṣọ́ránsì, ìwé ẹ̀rí pé mọ́tò yẹ lójú títì àti ìwé ẹrù, kí gbogbo wọn wà nínú àpò kan. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kì í fi òru sá fún agbófinró.

Ìbàdàn ló ti gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó máa gbà. Èyí tó gba Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Jẹ́bà lọ sí Mokwa, tó sì kọjá ní Tegina àti Birnin Gwari já sí Kaduna, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn agbébọn ti fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó gba Àkúrẹ́, Lọ́kọ́ja àti Àbújá náà kò bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé. Kí dírẹ́bà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbéra, kó bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, kó bèèrè afárá pẹ̀lú. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2025, omíyalé ya wọ Mokwa, ó gbé títì àti afárá lọ, èèyàn tó lé ní 200 sì kú.

Bí tánkà bá wá dànù ńkọ́? Kí dírẹ́bà lé gbogbo èèyàn jìnnà. Ní Majia, ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá, ọdún 2024, àwọn tó ń gbọ́n epo níbi tí tánkà ti ṣubú ni iná ká mọ́. Ó lé ní 150 èèyàn tó bá a lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹrù, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà jù. Bí ẹ bá ti ń pe dírẹ́bà láago, ẹ bi í pé ibo ló máa sùn lálẹ́ yìí. Ẹ fún un lówó oúnjẹ àti owó páàkì, kẹ́ ẹ sì sọ fún oníbàárà yín ní Kánò pé ọjọ́ 3 ni. Bí ẹ bá dandan fẹ́ kó yá, ẹ san owó dírẹ́bà kejì tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Owó yẹn kò tó owó tírélà tó dojú dé, ká má tíì sọ ti òkú tẹ́nì kan kò lè jí.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Àmọ́ kí dírẹ́bà tó ṣe àmín, kó kọ́kọ́ wo táyà rẹ̀.