Owó Tó Ń Gbé Pàǹtí Kúrò Nílùú

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nílẹ̀ Ìkálẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìsọ̀ kékeré kan ni mo jókòó tì báyìí ní Òkìtìpupa, mò ń ta púpurú, gààrí àti epo pupa. Bí òjò bá ti gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí gọ́tà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu àwọn oníbàárà mi: "Káńsù ti kówó jẹ." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó wo gan-an? Ibo ló ti ń wá?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ilé ìgbẹ́ gbogboogbò àti kíkó pàǹtí dànù. Òfin mìíràn tó jáde ní 1998 to àwọn owó tí wọ́n lè gbà: owó ìsọ̀, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó ibi ìpẹran, owó kíkó pàǹtí, owó ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Kódà owó àríyá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dí títì pa nítorí ìnáwó òkú, òfin ní kí ẹ sanwó fún káńsù kí ẹ tó ta kánópì. Ẹ ò gbọ́ rí, àbí?

Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni owó orí ilé, tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń pè ní tẹ̀nẹ́mẹ́ǹtì réètì. Ìdí tó fi lágbára ni pé ilé kì í sá lọ. Bí ìlú bá ṣe ń fẹ̀ ni ilé ń pọ̀ sí i, bí ilé bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni pàǹtí ń pọ̀ sí i. Nígbà ìkànìyàn 2006, èèyàn 233,565 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Láti ìgbà náà, yunifásítì ti dé, àwọn onílé sì ti kọ́ yàrá lóríṣiríṣi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí owó orí irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ máa bọ́ ọkọ̀ akópàǹtí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìyá oníṣu tó jókòó sórí àpótí ni wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún, nítorí pé òun ló rọrùn láti rí. Onílé alájà méjì ń bẹ lókè, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀tọ́ kankan nínú ìyẹn.

Nígbà tí owó abẹ́lé kò ti pọ̀, Àbújá ni gbogbo ojú ń wò. Nínú ₦100 tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pín látinú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, ₦20.60 ni ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 lápapọ̀. Wọ́n tún ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó VAT. Ìpínlẹ̀ ló ń gba owó náà sínú àpò tí òun àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ oríṣiríṣi nǹkan kúrò kí ìyókù tó dé káńsù. Owó oṣù àwa tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń yọ. Mi ò ní kí wọ́n má sanwó tíṣà o! Ohun tí mò ń sọ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìyẹn, tí wọ́n yọ owó àwọn ọba àti owó ìfẹ̀yìntì, ohun tó kù láti fi ra dísẹ́ẹ̀lì sínú ọkọ̀ akópàǹtí kì í tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pàǹtí kì í tán. Ọ̀nà tí a bá da ọ̀dà sí lónìí, yóò lo ọdún mélòó kan. Pàǹtí tí a kó láàárọ̀, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ gómìnà. Ìdájọ́ ńlá ni, bí wọ́n bá tẹ̀ lé e. Àmọ́ ìṣòro kan kù: ta ló ń kó pàǹtí gan-an? Ìwé òfin ní ìjọba ìbílẹ̀ ni, síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àjọ tirẹ̀ fún pàǹtí, bí Èkó náà ti ní láti 1977. Bí gọ́tà bá dí, káńsù lè nawọ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Akúrẹ́, kí Akúrẹ́ náà nawọ́ sí káńsù, kí omi sì máa ṣàn wọlé wa. Láyé àwọn wolé-wolé, ó kéré tán, ẹni tó wọlé rẹ ni wàá bi.

Ká padà sórí owó orí ilé. Ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone, olórí ìlú náà, Yvonne Aki-Sawyerr, tún owó orí ilé ṣe ní 2020. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ni wọ́n fi ka ilé, iye ilé tó wà nínú ìwé wọn sì di bí ìlọ́po méjì. Wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí òrùlé, fèrèsé àti ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ti rí. Olówó san ju tálákà lọ. Ìjọba orílẹ̀-èdè ibẹ̀ tilẹ̀ dá a dúró fún sáà kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé olówó kì í fẹ́ kí wọ́n ka ilé òun.

Ẹ̀yin onílé Òkìtìpupa, bí káńsù bá mú ìwé owó orí ilé wá, ẹ san án, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín iye tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún náà fún pàǹtí. Kí káńsù náà lẹ iye yẹn mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á.