Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Àgbà ní Ìgbà Àtisùn: Àyẹ̀wò láti Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

Ìfáárà

Nínú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí, ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lépa ni ọ̀rọ̀ tí ó kúrú, tí ó sì bá ìtumọ̀ mu. Ìlànà yìí ti so èso rere. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni, jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fi ìtumọ̀ nìkan wọ̀n, nítorí pé ẹni tí ó ń gbọ́ wọn wà lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ náà sì kan bí yóò ṣe lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá tí ó wà níbẹ̀ àti ní Sàngó-Ọ̀tà ti kó Ẹ̀gbá, Yewa, Ẹ̀gùn àti ọmọ ìlú mìíràn jọ. Ọmọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kò lè jókòó ti ìyá rẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí ìdílé bá gba olùtọ́jú sílé, tàbí tí ó mú àgbà lọ sí ilé ìtọ́jú, olùtọ́jú náà ni yóò máa gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ọmọ gbọ́.

Òfin àti Àṣà

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà, 2014, ní abala 23, pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé fún ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú bí ara rẹ̀ ti rí, irú ìtọ́jú tí ó wà, àti ẹ̀tọ́ tí ó ní láti kọ̀ ọ́. Níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni náà gbọ́ ni kí ó lò. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ti àwọn onímọ̀ èdè.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé Yorùbá kì í sábà pe ikú àgbà ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọba a wàjà. Àgbà a sùn, a papòdà, a relé. Ọ̀wọ̀ ni èyí, kì í ṣe àìmọ̀. Olùtọ́jú tí ó bá béèrè pé, ‘Màmá, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kú?’ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀; èpè ni wọn yóò kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yára dáhùn pé, ‘Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ ó pẹ́ láyé’, ìlẹ̀kùn kan náà ni ó tì, nítorí ìyá tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò gbé e mì.

Ìṣòro kejì ni ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀. Bí ìyá àgbà kan ní Sàngó bá sọ pé, ‘Mo fẹ́ lọ sílé’, ó lè jẹ́ ilé ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ó lè jẹ́ ìlú tí wọ́n bí i sí, níbi tí ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, nítorí ayé lọjà, ọ̀run nilé. Olùtọ́jú tí kò béèrè lè wá ọkọ̀ fún ẹni tí ó ń fẹ́ àlùfáà. Èsì tí ó yẹ ni: ‘Màmá, ilé tí ẹ ń sọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.’

Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

(i) Ìtọ́jú amáratuni. Èyí ni ìtọ́jú tí ń dín ìrora àti ìnira kù fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Ó sàn ju ‘ìtọ́jú àìsàn tí kò gbóògùn’ lọ, èyí tí ó ń sọ fún àgbà pé kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe. Irọ́ ni èyí. Ìtọ́jú amáratuni lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìtọ́jú mìíràn ṣì ń lọ. Ní 2014, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti fún un lágbára. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì ń ṣe é.

(ii) Àpapọ̀ ìnira. Cicely Saunders, tí ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher’s sílẹ̀ ní London ní 1967, kọ́ni pé ìrora ara, ẹ̀dùn ọkàn, ọ̀ràn ẹbí àti ti ẹ̀mí kì í ya ara wọn. ‘Ìrora’ nìkan kò gbé gbogbo rẹ̀. ‘Ìnira’ gbé e.

(iii) Àsọsílẹ̀ ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí àgbà sọ sílẹ̀ nípa ìtọ́jú tí ó ń fẹ́, kí ó má bàa di pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó yàtọ̀ sí ìwé ìhágún. Ogún ni ìwé ìhágún ń pín lẹ́yìn ikú. Ara ẹni tí ó ṣì wà láàyè ni èyí ń sọ nípa rẹ̀. Bí a bá pè é ní ìwé ìhágún, àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀ àti ilé.

(iv) Ìtọ́jú tí n kò fẹ́. Àwọn kan lè fẹ́ ‘ìkọ̀sílẹ̀ ìtọ́jú’. Ọ̀rọ̀ yìí léwu. Bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ó lè di ‘ìkọsílẹ̀’, èyí tí í ṣe ohun tí a kọ sínú ìwé; bí wọ́n bá sì kà á dáadáa, ìyàwó tí ọkọ kọ̀ ni ó ń ránni létí. Gbólóhùn tí àgbà fúnra rẹ̀ lè sọ ni ó yẹ. Ní England àti Wales, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú, òfin 2005 sọ pé bí ìtọ́jú tí ẹnì kan kọ̀ bá jẹ́ èyí tí ń dá ẹ̀mí dúró, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú ìbuwọ́lù àti ẹlẹ́rìí.

(v) Agbẹnusọ ìtọ́jú. Ẹni tí àgbà yàn láti sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Kì í ṣe àrólé, kò sì di dandan kí ó jẹ́ àkọ́bí. Ìfẹ́ inú àgbà ni yóò sọ, kì í ṣe ti ara rẹ̀.

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀-ìperí wọ̀nyí wà fún ìwé àti kíláàsì. Kì í ṣe òun ni olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ gbé síwájú àgbà. Ìbéèrè kéékèèké ni ó yẹ: ‘Baba, bí ara bá le ju báyìí lọ, ta ni ẹ fẹ́ kí n pè?’ ‘Kí ni ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fún yín?’ Èsì àgbà ni kí ó kọ sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọ̀rọ̀-ìperí tó tẹ̀ lé e. Fún Ẹ̀gùn, tí èdè rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá, ògbufọ̀ ni kí wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Iṣẹ́ olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹnu olùtọ́jú kí ilẹ̀ tó ṣú.