Aṣọ́lé Dùbúlẹ̀, Ta Ló Kàn?

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Badore kọjá ní Ajah ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí wọn: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, àwọn kan wọ bàtà, àwọn kan ò wọ̀. Òkúta méjì tàbí táyà ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe ojúlé, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kò ju ìṣísẹ̀ méjì géńdé lọ. Mọ́ńkì póòsì ni wọ́n ń pè é. Ayò méjì ti tó láti lé sẹ́ẹ̀tì kan kúrò kí òmíràn wọlé. Eré yìí kò ní aṣọ́lé. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ dúró sẹ́nu òkúta méjèèjì tó ń fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù, ariwo ni wọn yóò fi lé e kúrò níbẹ̀.

Ní Lẹ́kkí Phase 1, ó yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé máa ń háyà pápá oníkoríko rọ́bà ní wákàtí-wákàtí lálẹ́. Iná wà, àwọ̀n wà, ojúlé náà sì dúró dáadáa. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró síbẹ̀. Wọ́n á máa pín in láàárín ara wọn bí àwọn ayálégbé ṣe ń pín owó iná: ẹni tó bá jẹ ayò kan, kó jáde, kí ẹlòmíràn bọ́ sí i. Ẹni tó sanra jù tàbí tó ti rẹ̀ ló sábà máa ń pẹ́ níbẹ̀.

Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ọmọ tó gbó sórí mọ́ńkì póòsì mọ bí a ṣe ń gé ènìyàn, ó mọ bí a ṣe ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ adẹ́yìnmú. Ibo ni yóò ti mọ ojúlé tó fẹ̀ ní mítà 7.32, tó ga ní mítà 2.44? Atamátàsé pọ̀ ní Nàìjíríà bí iyanrìn etí òkun Elékò. Aṣọ́lé ni a máa ń tan fìtílà wá, ọjọ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá sì ṣèṣe ni ìwákiri náà máa ń le jù.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Super Eagles ń bá Brazil wàákò ní Singapore nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa ní Èkó, àkókò tí àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kì í tíì bọ́ aṣọ ìjọ́sìn kúrò lọ́rùn. Ìṣẹ́jú méjìlá péré ni Neymar lò tí iṣan itan fi lé e jáde. Brazil wo orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí Philippe Coutinho dìde. Joe Aribo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, gbá ayò kan wọlé fún Nàìjíríà, Casemiro sì dá a padà ní kété tí ìlàjì kejì bẹ̀rẹ̀. Eré ti kọjá ọgọ́ta ìṣẹ́jú nígbà tí Francis Uzoho, aṣọ́lé Nàìjíríà, ṣubú. Orúnkún ni. Kò lè tẹ̀síwájú mọ́.

Gernot Rohr tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá náà wo orí bẹ́ǹṣì tirẹ̀. Kò sí Coutinho níbẹ̀. Maduka Okoye ló wà níbẹ̀, ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bí sí Düsseldorf ní Jámánì, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan pápá fún Super Eagles rí. Ẹgbẹ́ kejì Fortuna Düsseldorf ló ń ṣọ́lé fún nígbà náà, ní ìpele kẹrin bọ́ọ̀lù Jámánì. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ síwájú àwọn ará Brazil. Kò jẹ ayò kankan. 1-1 ni wọ́n fi túká.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé lọ́jọ́ náà ni pé Uzoho tó farapa yẹn gan-an, arọ́pò tí kò tíì mọ nǹkan kan ni òun náà ní ọdún méjì ṣáájú. Vincent Enyeama fi ikọ̀ náà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2015. Carl Ikeme ti ẹgbẹ́ Wolves ló gba ipò rẹ̀. Ní Oṣù Keje 2017, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé Ikeme ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ó rí ìwòsàn gbà, àmọ́ kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní ìlú Krasnodar ní Rọ́ṣíà, Argentina ti na Nàìjíríà ní 2-1 kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìlàjì àkọ́kọ́. Rohr yọ Daniel Akpeyi, ó sì fi Uzoho rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Iye ìgbà tó ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àgbà Deportivo La Coruña ní Spéènì kò tó ìka ọwọ́ kan. Nàìjíríà borí ní 4-2. Oṣù méje lẹ́yìn náà, òun ló ṣọ́lé nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Nàìjíríà gbá ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018, nígbà tí Akpeyi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti Ikechukwu Ezenwa tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ aṣọ́lé fi yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù? Bí atamátàsé bá farapa, ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ lè sún sí àárín. Bí adẹ́yìnmú kan bá jáde, a lè fa ẹlòmíràn sẹ́yìn. Aṣọ́lé kò ní ẹnì kejì lórí pápá. Ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ti jókòó láti òwúrọ̀, ara rẹ̀ ti tutù, àwọn alátakò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe ni kí wọ́n yin bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èkejì ni bọ́ọ̀lù òkè tó ń wá láti igun pápá, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ́lé gbọ́dọ̀ ti pariwo, kó sọ fún adẹ́yìnmú pé kó fi í sílẹ̀ tàbí kó gbá a sọnù. Ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹni ọgbọ̀n ọdún wà níwájú rẹ̀, kì í rọrùn fún un láti jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an lòdì sí i.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n máa ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dín ẹrù kù. Yóò ní kí àwọn adẹ́yìnmú má ṣe dá bọ́ọ̀lù padà sí i lẹ́sẹ̀ láìnídìí. Yóò ní kó fi ẹ̀ṣẹ́ ti bọ́ọ̀lù òkè jáde dípò kó máa tiraka láti gbá a mú. Àwọn àgbà inú ikọ̀ yóò dúró nítòsí rẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ọjọ́ kan ni. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ti gbọ́dọ̀ wáyé ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nígbà tí ara gbogbo ènìyàn le, tí kò sì sí ẹni tó ń ronú nípa arọ́pò. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò ní máàkì ni Rohr ti wo Uzoho ní Krasnodar. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta yẹn ló gbé ọmọ náà dé Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Àwọn ará Ọsirélíà mọ ìṣòro yìí nínú eré tiwọn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ rí bí ẹyin, pápá náà sì rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjìdínlógún ló sì ń wà níhà kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè, ẹnì kan tó ga fíofío láti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò fò láti fọwọ́ ti í sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ruckman ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Bó bá farapa, ènìyàn kúkurú kò lè gbapò rẹ̀, àwọn tó ga tó bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ Collingwood gba Mason Cox, ará Texas ní Amẹ́ríkà tó ga ní mítà 2.11. Bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀ ló ń gbá tẹ́lẹ̀. Ìdíje àwọn ìsọ̀ǹgbè ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, títí di 25 Oṣù Kẹrin 2016 tó jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú èrò tó ju 80,000 lọ ní Melbourne. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbá, ó wọlé. Gíga rẹ̀ ni wọ́n rà, àmọ́ wọ́n fún un ní àkókò kí wọ́n tó gbé e síta.

Nàìjíríà ti gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì, ti àgbà àti ti ọmọdé. Kí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998 tó bẹ̀rẹ̀, Ike Shorunmu farapa. Bora Milutinović kò wá ọmọdé lọ, olóògbé Peter Rufai ló yàn, ọmọọba Ìdímù tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Dodo Mayana. Rufai lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà náà, orí bẹ́ǹṣì ló sì ti ń jókòó ní Deportivo La Coruña, ẹgbẹ́ kan náà tí Uzoho lọ nígbà tó yá. Ìrírí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni kò gbá tó. Denmark fi 4-1 lé Nàìjíríà wálé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní Japan, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́. Shorunmu ṣọ́lé lẹ́ẹ̀mejì, Nàìjíríà pàdánù méjèèjì, ó sì ti dájú pé ilé ló kù. Ìgbà náà ni Onígbìndé wá fi Enyeama, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti Enyimba, sójúlé kó kojú Beckham àti Owen ní Osaka. Ọ̀mì ni, 0-0. Ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni Enyeama padà gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Àwọn kan á ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò níyì ni wọ́n fi dán an wò. Irú rẹ̀ gan-an ló yẹ ká fi máa dán ọmọ wò.

Ti Okoye kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn Singapore, ní ìlú Benin, Nàìjíríà fi ayò mẹ́rin síwájú Sierra Leone, Sierra Leone sì gba gbogbo rẹ̀ padà: 4-4, ó wà lójúlé. Ní 23 Oṣù Kìíní 2022, ní Garoua ní Cameroon, Youssef Msakni ti Tunisia yin bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Okoye wọlé, Nàìjíríà sì jáde nínú Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Èébú tí wọ́n kó lé ọmọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá ti bọ́ọ̀lù. Láti Jákàńdè dé Abraham Adesanya, kò sí ilé ìwòran tí kò di ilé akọ́nimọ̀ọ́gbá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì pẹ̀lú Ghana, láti mọ ẹni tí yóò lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar, dé ní Oṣù Kẹta, Okoye kò sí níbẹ̀. Uzoho ni wọ́n tún lọ gbé. Ó ṣe dáadáa ní Kumasi, 0-0. Ní Abuja, ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Thomas Partey gbá bọ́ọ̀lù kan tó yẹ kí Uzoho gbá mú, ó yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. 1-1 ni wọ́n gbá, Ghana ló lọ sí Qatar. Ẹni tó ti wọlé bí ọmọdé ní Krasnodar wá di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń bú.

Àwọn obìnrin wa ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ní Faransé ní ọdún 2019, Tochukwu Oluehi ló kọ́kọ́ ṣọ́lé, Norway sì nà wọ́n ní 3-0. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Chiamaka Nnadozie ló jáde kojú South Korea. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, láti Rivers Angels. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá ọ̀kan nínú ayò méjì tí wọ́n fi borí, ojúlé Nnadozie kò sì mì. Ṣé ìdánwò tán? Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀lé e, Wendie Renard ti Faransé gbá pẹ́náritì, ó kan òpó. Ẹ̀rọ VAR ní Nnadozie ti kúrò lórí ìlà kí wọ́n tó gbá a. Wọ́n tún un gbá, ó wọlé, 1-0. Èèyàn mìíràn ì bá fi ọmọ náà pamọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ló tún kojú Jámánì, ayọ̀ kò sì sí níbẹ̀, 3-0. Síbẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀ lójúlé. CAF fún un ní àmì-ẹ̀yẹ aṣọ́lé obìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 2023 àti 2024. Ní 26 Oṣù Keje 2025, òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí Super Falcons ti ẹ̀yìn ayò méjì dìde tí wọ́n fi 3-2 gba ife Áfíríkà mọ́ Morocco lọ́wọ́ ní Rabat.

Ní ti àwọn ọkùnrin, Stanley Nwabali ló kàn. Ẹgbẹ́ Chippa United ní South Africa ló ti wá sí Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀léra ni kò fi jẹ ayò kankan. Ní abala wò-mí-kí-n-gbá-á-sí-ọ pẹ̀lú South Africa, ó mú méjì. Ṣáájú ìyẹn, ní 27 Oṣù Kìíní, ní Abidjan, Ademola Lookman ti gbá ayò méjì sójúlé Cameroon, eré sì ti fẹ́ parí, nígbà tí Nwabali dùbúlẹ̀ tí kò dìde. Ibùsùn aláìsàn ni wọ́n fi gbé e jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹnì kan ti ń fa ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́. Francis Uzoho ni, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.